Orúkọ, Àdírẹ́sì àti Àmì Ìdámọ̀: Bí A Ṣe Ń Pe Ohun Tí A Kó Pamọ́ Sórí Àwọsánmà

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni àlàyé yìí dá lé: orúkọ, àdírẹ́sì àti àmì ìdámọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ẹni tí ó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì kò ṣẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ ìpamọ́ orí àwọsánmà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń kó fáìlì wọn sí orí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ mìíràn nípasẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe. Bí atúmọ̀ bá da wọ́n pọ̀, ẹni tí ó ń tẹ̀lé ìtọ́ni rẹ̀ lè pa fáìlì tí kò fẹ́ pa rẹ́, tàbí kí ó fi ohun àṣírí ránṣẹ́ sí ẹni tí kò yẹ kí ó rí i. Amazon S3 ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 2006, ó sì wà lára àwọn ètò ìpamọ́ tí ó pẹ́ jù tí àwọn aṣètò kọ̀ǹpútà sì mọ̀ jù.

Ọ̀RỌ̀ MẸ́TA NÁÀ

orúkọ. Ohun tí a fi ń pe ènìyàn tàbí nǹkan. A ń sọ ọmọ ní orúkọ, a ń pe orúkọ, a ń dárúkọ, ènìyàn sì ń jẹ́ orúkọ. Ẹni tí ó ni nǹkan ni ó ń yan orúkọ fún un, ìtumọ̀ sì máa ń wà nínú orúkọ tí ó yàn. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ní ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Síbẹ̀, orúkọ nìkan kò tó láti ya ẹnìkan sọ́tọ̀. Bí ènìyàn bá dúró ní ọjà Ìgbó-Ọrà, ìlú tí a mọ̀ sí ìlú ìbejì, tí ó sì ké pe Táyé, kì í ṣe ẹnìkan ṣoṣo ni yóò dáhùn. A ní láti fi agbo ilé tàbí àdúgbò kún un kí a tó mọ Táyé tí à ń wí.

àdírẹ́sì. Ohun tí ó ń sọ ọ̀nà tí a ó gbà dé ibi tí nǹkan wà. Àwọn òǹkọ̀wé kan fẹ́ràn ojúlé, ọ̀rọ̀ náà sì dára nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ilé gidi: ojúlé kẹta, ojúlé kejìlá. Fún íntánẹ́ẹ̀tì, àdírẹ́sì ni ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn ènìyàn, òun ni a ó sì lò níhìn-ín. Bí ẹnìkan bá kó kúrò ní ilé kan sí òmíràn, àdírẹ́sì rẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò yí.

àmì ìdámọ̀. Ohun tí ó ya nǹkan kan ṣoṣo sọ́tọ̀ kúrò lára gbogbo ìyókù, tí nǹkan méjì kò gbọdọ̀ jọ ní. Kò pọn dandan kí ó ní ìtumọ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba Nàìjíríà ń fún àwọn ará ìlú ní dígíìtì 11. Kò sọ ohunkóhun nípa ilé tí a bí ẹni náà sí tàbí bí a ṣe bí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tí ó ni í.

Àkíyèsí ìlò. Ìdánimọ̀ àti ìdámọ̀ jọ ara wọn, ṣùgbọ́n wọn kò rí bákan náà nínú ìṣẹ̀dá. Ìdánimọ̀ wá láti inú ì + dá + ẹni + mọ̀: ènìyàn ni à ń dá mọ̀. Ó tọ̀nà láti sọ káàdì ìdánimọ̀. Fún fáìlì, bọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí ẹ̀rọ, níbi tí kò sí ẹni kankan, ìdámọ̀ ni ó bá ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mu jù. Ẹni tí ó bá rí “àmì ìdánimọ̀ fáìlì” nínú ìwé kò gbọdọ̀ kà á sí àṣìṣe ńlá, nítorí ọ̀pọ̀ ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí atúmọ̀ yan ọ̀kan kí ó sì dúró tì í.

ÀWỌSÁNMÀ

Nínú ìtumọ̀ èdè kọ̀ǹpútà, a máa ń rí àwọsánmà, a sì máa ń rí ìkùukùu. Èyí àkọ́kọ́ sún mọ́ ojú ọ̀run tí a ń wò. Èkejì sún mọ́ èéfín omi tí ó ń rìn nínú rẹ̀. Àwọsánmà ni a yàn níhìn-ín, a sì máa ń fi orí ṣáájú rẹ̀: orí àwọsánmà, sórí àwọsánmà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣì í lọ́nà. Kò sí fáìlì kankan ní ojú ọ̀run. Inú ilé tí a kọ́ sórí ilẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ náà wà, ilé-iṣẹ́ tí ó ni wọ́n sì pín wọn sí ẹkùn. Amazon ní ẹkùn kan ní Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà, tí ó ṣí ní ọdún 2020. Àmì rẹ̀ ni af-south-1. Ti London ni eu-west-2. A ó tún pàdé àwọn àmì wọ̀nyí nínú àdírẹ́sì.

BỌ́KẸ́Ẹ̀TÌ ÀTI ORÚKỌ RẸ̀

Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni Amazon àti Google ń pe ohun tí a ń kó fáìlì sínú rẹ̀. Atúmọ̀ lè fẹ́ kọ korobá, nítorí korobá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pọn omi. Kò burú bí ó bá jẹ́ àfiwé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ka ìtọ́ni ní láti rí ọ̀rọ̀ kan náà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì ni àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà sì ń pè é nígbà tí wọ́n bá ń sọ Yorùbá láàárín ara wọn. Ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀.

Òfin tí ó de orúkọ bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ Amazon le. Orúkọ náà kò gbọdọ̀ dín ní àmì 3, kò sì gbọdọ̀ ju 63 lọ. Lẹ́tà kékeré láti a dé z, nọ́ńbà, dọ́ọ̀tì àti dáàṣì nìkan ni ó lè wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà tàbí nọ́ńbà ni ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òun náà ni ó sì gbọ́dọ̀ parí rẹ̀. Kò sí lẹ́tà ńlá, kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ, kò sí àmì ohùn. Ọ̀rọ̀ tí a bá fẹ́ fi sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì lórúkọ yóò wọlé láìní àmì: oro-agba lè jẹ́ ọ̀rọ̀ àgbà, ó lè jẹ́ ọrọ̀ àgbà, ó sì lè jẹ́ oró àgbà. Nítorí náà ni a kò ṣe gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ bọ́kẹ́ẹ̀tì láti gbé ìtumọ̀ Yorùbá dúró.

Òfin kejì ṣe pàtàkì ju èyí lọ. Nínú ètò tí a mọ S3 mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì kò lè jẹ́ orúkọ kan náà, ì báà jẹ́ pé ènìyàn méjì tí kò mọ ara wọn rí ni ó ni wọ́n, ì báà jẹ́ pé ọ̀kan wà ní Cape Town tí èkejì wà ní London. Ìpín ńlá tí Amazon pín ètò rẹ̀ sí nìkan ni ó yà wọ́n, bíi ìpín gbogbogbòò, ìpín ti Ṣáínà, àti ìpín ti ìjọba Amẹ́ríkà. Láàárín ìpín kan, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni ó ni orúkọ.

Ohun tí ó jọ èyí nínú ìgbésí ayé wa kì í ṣe orúkọ ọmọ; oyè ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jẹ́ Adéyẹmí, ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo ni ó ń wà lórí oyè ìlú kan lẹ́ẹ̀kan. Bí oyè náà bá sì ṣófo, ẹlòmíràn lè jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni orúkọ bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí a bá pa bọ́kẹ́ẹ̀tì kan rẹ́, orúkọ rẹ̀ di òmìnira, ẹnikẹ́ni sì lè fi dá bọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo líǹkì àtijọ́ tí a ti tẹ̀ sínú ìwé, gbogbo ètò kọ̀ǹpútà tí ó ṣì ń fi fáìlì ránṣẹ́ síbẹ̀, ilé onílé ni wọn yóò máa lọ láti ọjọ́ náà, láìmọ̀ pé onílé ti yí padà.

Àkíyèsí ìlò. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ ya ọ̀rọ̀-ìṣe méjì sọ́tọ̀. Pa bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ́: bọ́kẹ́ẹ̀tì àti orúkọ rẹ̀ ni ó lọ. Kó inú bọ́kẹ́ẹ̀tì dànù: ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó lọ, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti orúkọ rẹ̀ kù fún ẹni tí ó ni í. Atúmọ̀ tí ó bá kọ “nu bọ́kẹ́ẹ̀tì” fún méjèèjì ti pa ìyàtọ̀ tí ó ń dáàbò bo òǹkàwé. Bákan náà, kò sí bí a ṣe lè yí orúkọ bọ́kẹ́ẹ̀tì S3 padà. Òmíràn ni a ó dá sílẹ̀, tí a ó da gbogbo ohun inú ti àkọ́kọ́ kọ sínú rẹ̀. Gbólóhùn bíi “yí orúkọ bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ padà” kò yẹ kí ó wà nínú ìtọ́ni kankan.

Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ní òfin tiwọn, ṣùgbọ́n ìlànà wọn jọra. Orúkọ bọ́kẹ́ẹ̀tì Google náà jẹ́ ti gbogbo ayé. Lọ́dọ̀ Microsoft, orúkọ àkáǹtì ìpamọ́ ni kò gbọdọ̀ ní ẹlẹ́gbẹ́ káàkiri ayé, kò sì gbọdọ̀ ju àmì 24 lọ. Àpótí tí ó wà nínú àkáǹtì náà lè jẹ́ orúkọ tí àpótí ẹlòmíràn ń jẹ́.

“KEY” KÌ Í ṢE KỌ́KỌ́RỌ́ NÍBÍ

Ohun tí a bá kó sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni a ó pè ní ohun ìpamọ́: fáìlì fúnra rẹ̀ pẹ̀lú àlàyé tí ó bá a rìn. Amazon ń pe orúkọ ohun ìpamọ́ ní “key”. Ibí ni ìtumọ̀ sábà máa ń ṣubú, nítorí pé ìwé atúmọ̀ èdè yóò sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé “key” ni kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ní iṣẹ́ mẹ́ta nínú ètò kan náà. Àkọ́kọ́ ni orúkọ ohun ìpamọ́, èyí tí kì í ṣe àṣírí. Èkejì ni ohun tí onílé fi ń wọlé sínú àkáǹtì rẹ̀: ó ní apá kan tí a lè fi hàn, ó sì ní apá kan tí ó jẹ́ àṣírí pátápátá. Ẹ̀kẹta ni èyí tí a fi ń ti fáìlì pa kí ẹlòmíràn má baà lè kà á. Kọ́kọ́rọ́ bá èkejì àti ẹ̀kẹta mu, nítorí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, wọ́n sì ń tìlẹ̀kùn. Kò bá àkọ́kọ́ mu rárá.

Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí:

Fi kọ́kọ́rọ́ náà ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ń wá fáìlì.
Má ṣe fi kọ́kọ́rọ́ rẹ han ẹnikẹ́ni.

Bí méjèèjì bá wà nínú ìtọ́ni kan náà, èwo ni òǹkàwé yóò ṣe? Ẹni tí ó bá tẹ̀lé èyí àkọ́kọ́ láìmọ ìyàtọ̀ lè kó àṣírí àkáǹtì rẹ̀ fún àlejò, àlejò náà yóò sì lè ka fáìlì rẹ̀, pa wọ́n rẹ́, kí ó sì jẹ gbèsè sí onílé lọ́rùn. Ìtumọ̀ tí ó yẹ fún ti àkọ́kọ́ ni: Fi orúkọ ohun ìpamọ́ náà ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ń wá fáìlì.

Bákan náà ni iṣẹ́ àṣìṣe tí S3 máa ń gbé jáde nígbà tí kò bá rí ohun tí a béèrè, NoSuchKey. “Kò sí kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀” yóò mú kí òǹkàwé rò pé a kò gbà á láàyè láti wọlé. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń sọ ni: Kò sí ohun ìpamọ́ kan tí ó ń jẹ́ orúkọ yìí.

FÓDÀ TÍ KÒ SÍ

Nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì S3 tí gbogbo ènìyàn mọ̀, kò sí fódà. Gbogbo ohun ìpamọ́ tò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí ẹrù tí a tẹ́ sórí ẹní. Bí a bá rí orúkọ bíi ohun/oruko/0417.mp3, ìlà dídagun (/) tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ apá kan orúkọ náà gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà yòókù. Ojú-ìwé tí a fi ń wo bọ́kẹ́ẹ̀tì ni ó ń kó àwọn orúkọ tí ìbẹ̀rẹ̀ wọn bára mu jọ, tí ó sì yàwòrán fódà fún wọn kí ojú lè rọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ yìí ni a lè pè ní àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ gírámà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ní ìnáwó nínú. Ẹni tí ó bá fẹ́ yí orúkọ “fódà” kan padà ní láti da ohun ìpamọ́ kọ̀ọ̀kan kọ sí orúkọ tuntun, kí ó sì pa ti àtijọ́ rẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, iṣẹ́ ńlá ni.

Orúkọ ohun ìpamọ́ kò le bí ti bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó gba lẹ́tà èdè yòówù, ó gba àmì ohùn, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju báìtì 1024 lọ. Lẹ́tà ńlá àti kékeré yàtọ̀ síra nínú rẹ̀: Abo.mp3 àti abo.mp3 jẹ́ ohun méjì.

ÀDÍRẸ́SÌ: Ọ̀NÀ TÍ A Ń GBÀ DÉ IBẸ̀

Bí a bá mú orúkọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹkùn tí ó wà, àti orúkọ ohun ìpamọ́, a lè fi wọ́n hun àdírẹ́sì. Fún àpẹẹrẹ, kí a sọ pé bọ́kẹ́ẹ̀tì wa ń jẹ́ ohun-iwe-atumo, ó sì wà ní Cape Town:

https://ohun-iwe-atumo.s3.af-south-1.amazonaws.com/0417.mp3

Orúkọ bọ́kẹ́ẹ̀tì ni ó ṣáájú, ẹkùn tẹ̀ lé e, orúkọ ohun ìpamọ́ ni ó kẹ́yìn. Ọ̀nà mìíràn wà láti kọ ọ́, níbi tí orúkọ bọ́kẹ́ẹ̀tì yóò ti bọ́ sí ẹ̀yìn ìlà dídagun. Ìyẹn ni pé ohun kan ṣoṣo lè ní àdírẹ́sì méjì, bí ilé tí ó ní ẹnu ọ̀nà níwájú àti lẹ́yìn. Àdírẹ́sì kò tó, nítorí náà, láti jẹ́ àmì ìdámọ̀.

Mímọ àdírẹ́sì kò sì túmọ̀ sí pé ilẹ̀kùn ṣí. Ẹni tí kò ní àṣẹ yóò dé ẹnu ọ̀nà, a ó sì dá a padà. Ṣùgbọ́n oríṣi àdírẹ́sì kan wà tí onílé ti buwọ́ lù fún ìgbà díẹ̀: ẹnikẹ́ni tí ó bá ní i lọ́wọ́ lè wọlé títí àkókò rẹ̀ yóò fi pé, ọjọ́ 7 ni ó sì pẹ́ jù. Kí atúmọ̀ má ṣe pe èyí ní líǹkì lásán. Líǹkì tí a buwọ́ lù ni, a sì ní láti tọ́jú rẹ̀ bí a ti ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ilé.

ARN: ORÚKỌ TÍ Ó Ń ṢE IṢẸ́ ÀMÌ ÌDÁMỌ̀

Nígbà tí onílé bá fẹ́ kọ òfin pé lágbájá lè ka ohun báyìí, kì í lo àdírẹ́sì. Ohun tí Amazon ń pè ní ARN ni ó ń lò. Ọ̀rọ̀ orúkọ wà nínú ohun tí lẹ́tà mẹ́ta náà dúró fún, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àmì ìdámọ̀ ni ó ń ṣe: ohun kan ṣoṣo, láìsí ẹlẹ́gbẹ́. Ó rí báyìí:

arn:aws:s3:::ohun-iwe-atumo/0417.mp3

Àmì kólọ́ọ̀nù (:) ni ó pín in sí yàrá. Arn sọ irú ohun tí ó jẹ́. Aws sọ ìpín ńlá. S3 sọ iṣẹ́ tí ó jẹ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn s3, kólọ́ọ̀nù mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn. Wọn kì í ṣe àṣìṣe. Yàrá ẹkùn àti yàrá nọ́ńbà àkáǹtì ni ó ṣófo níbẹ̀, nítorí pé orúkọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kò ní ẹlẹ́gbẹ́ nínú ìpín rẹ̀, a kò nílò ẹkùn tàbí àkáǹtì láti dá a mọ̀. Bí Táyé kan ṣoṣo bá wà ní gbogbo ayé, ta ni yóò tún máa béèrè agbo ilé rẹ̀?

Ẹni tí ń ṣàtúnkà ìwé ní láti ṣọ́ra níhìn-ín. Bí ó bá “tún” kólọ́ọ̀nù mẹ́ta ṣe sí ọ̀kan, òfin náà kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Bákan náà ni ìràwọ̀ tí ó máa ń wà ní ìparí. arn:aws:s3:::ohun-iwe-atumo ni bọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. arn:aws:s3:::ohun-iwe-atumo/* ni gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àṣẹ láti ka orúkọ àwọn ohun ìpamọ́ jẹ́ ti èkíní, àṣẹ láti gba ohun ìpamọ́ jáde jẹ́ ti èkejì. Ilé yàtọ̀ sí ẹrù inú ilé.

Ẹ̀DÀ

Bí a bá kó fáìlì tuntun wọlé pẹ̀lú orúkọ tí ohun ìpamọ́ kan ti ń jẹ́, tuntun yóò gba ipò àtijọ́. S3 kì í béèrè bóyá ó dá wa lójú. Àyàfi bí onílé bá ti ní kí ó máa pa ẹ̀dà mọ́, àtijọ́ ti lọ nìyẹn. Bí ó bá ń pa ẹ̀dà mọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ orúkọ kan náà ṣùgbọ́n yóò ní àmì ìdámọ̀ tirẹ̀, ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yàn.

Àkíyèsí ìlò. Ẹ̀dà ń ṣe iṣẹ́ méjì ní Yorùbá: ohun tí a dà kọ láti inú òmíràn, àti ìrísí tí ohun kan ní ní ìgbà kan. Kí a lè yà wọ́n, a dábàá àdàkọ fún ti àkọ́kọ́, àti ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀ tàbí ẹ̀dà ti lọ́wọ́lọ́wọ́ fún èkejì.

NÍBI TÍ LẸ́TÀ YORÙBÁ TI WỌ̀ Ọ́

Ẹ jẹ́ kí a gbé iṣẹ́ kan yẹ̀ wò, irú èyí tí ìwé atúmọ̀ èdè orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń ṣe. A fẹ́ kó ohùn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pamọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbọ́ bí a ṣe ń pè é. Àwọn ọ̀rọ̀ márùn-ún wà níwájú wa: oko tí a ń ro, ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, àti ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí a yọ gbogbo àmì kúrò nínú orúkọ fáìlì. Gbogbo wọn yóò di oko.mp3. Bí a bá kó wọn wọlé ní ìtẹ̀léra, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gba ipò èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni yóò sì kù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá tẹ ọkọ yóò gbọ́ ọ̀kọ̀. Ohùn mẹ́rin ti sọnù láìsí ìkìlọ̀ kankan.

Ọ̀nà kejì ni kí a fi àmì sílẹ̀ bí wọ́n ti rí. Ó dà bí ẹni pé èyí ni ó tọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í wo lẹ́tà bí ojú wa ti ń wò ó. Báìtì ni ó ń kà. Lẹ́tà ọ̀ kan ṣoṣo, nínú ètò Unicode, ni a lè kọ ní ọ̀nà mẹ́rin tí ojú kò lè yà sọ́tọ̀:

1. ọ tí ó ti ní àmì abẹ́, lẹ́yìn náà àmì ohùn ìsàlẹ̀: U+1ECD, U+0300. Báìtì 5.
2. o lásán, àmì abẹ́, àmì ohùn ìsàlẹ̀: U+006F, U+0323, U+0300. Báìtì 5.
3. ò tí ó ti ní àmì ohùn, lẹ́yìn náà àmì abẹ́: U+00F2, U+0323. Báìtì 4.
4. o lásán, àmì ohùn ìsàlẹ̀, àmì abẹ́: U+006F, U+0300, U+0323. Báìtì 5.

Lójú S3, orúkọ mẹ́rin ni wọ́n, nítorí pé kì í sọ wọ́n di ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ọ̀kọ̀ ní irú lẹ́tà yìí méjì, ó sì lè jẹ́ orúkọ mẹ́rìndínlógún tí ó jọra lójú. Pátákó ìtẹ̀wé kan yóò kọ èyí àkọ́kọ́, òmíràn yóò kọ èkejì. Ètò fáìlì HFS+ tí kọ̀ǹpútà Apple lò fún ọ̀pọ̀ ọdún a máa tú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí wẹ́wẹ́ fúnra rẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó gba ohùn sílẹ̀ lè kó o wọlé pẹ̀lú ìkọsílẹ̀ kejì, kí ẹni tí ó ń ṣe ojú-ìwé béèrè rẹ̀ pẹ̀lú ìkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ̀rọ sì dáhùn pé kò sí ohun ìpamọ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ yìí. Fáìlì wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ń wò ó lójú wọn. Kò sí ẹni tí yóò rí ìyàtọ̀.

Àtúnṣe wà fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìlànà NFC ti Unicode yóò sọ gbogbo wọn di ìkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, èdè kọ̀ǹpútà bíi Python àti JavaScript sì ní ohun èlò rẹ̀ nínú. Kí a máa gba orúkọ kọjá nínú rẹ̀ kí a tó kó fáìlì wọlé, kí a sì tún gbà á kọjá kí a tó béèrè fáìlì. Ṣùgbọ́n NFC kò lè ran ẹni tí ó fi ìlà kékeré olóòró sí abẹ́ lẹ́tà (U+0329) dípò dọ́ọ̀tì (U+0323) lọ́wọ́. Àwọn ìwé Yorùbá kan ń lo ìlà yìí, ẹnu sì ń pè wọ́n bákan náà, ṣùgbọ́n Unicode kà wọ́n sí àmì méjì tí kò bára tan. A ní láti fọwọ́ ara wa pa wọ́n pọ̀.

Nínú àdírẹ́sì, ọ̀rọ̀ náà tún yí ìrísí padà. Àdírẹ́sì kì í gbé lẹ́tà bíi ọ̀ bí ó ti rí. Báìtì rẹ̀ ni a ń kọ, pẹ̀lú àmì ìdá-ọgọ́rùn-ún níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ di %E1%BB%8D%CC%80. Kí atúmọ̀ tí ó bá rí irú èyí má ṣe pa á rẹ́ bí ìdọ̀tí; lẹ́tà Yorùbá ni, ó wọ aṣọ ìrìn-àjò ni.

OHUN TÍ A DÁBÀÁ

Ọ̀nà kẹta ni ó dára jù, òun sì ni ó dá ọ̀rọ̀ mẹ́ta wa padà sí ipò wọn. Kí a fún ohùn kọ̀ọ̀kan ní àmì ìdámọ̀ tí kò ní ìtumọ̀, bíi 0417, tí kò ní yí padà láé. Òun ni kí a fi ṣe orúkọ ohun ìpamọ́. Kí orúkọ Yorùbá, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, wà nínú àkọsílẹ̀ ìwé atúmọ̀ fúnra rẹ̀, níbi tí a ti kọ pé 0417 ni ọ̀kọ̀, 0418 ni ọkọ̀. Kí ètò kọ̀ǹpútà máa hun àdírẹ́sì nígbà tí a bá nílò rẹ̀. Bí a bá kó lọ sí ẹkùn tàbí ilé-iṣẹ́ mìíràn lọ́la, àdírẹ́sì nìkan ni yóò yí padà. Bí a bá rí i pé a ṣi àmì ohùn kan kọ, a ó tún orúkọ ṣe nínú àkọsílẹ̀, fáìlì kò sì ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé èyí lé Yorùbá kúrò nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gbé e kúrò níbi tí a ti lè ṣì í kà, ó sì gbé e sí ibi tí ó ti lè ní gbogbo àmì rẹ̀.

GBÓLÓHÙN ÌFIWÉRA

Yẹra fún: Fódà yìí ti yí orúkọ padà.
Lò: A ti da àwọn ohun ìpamọ́ tí ó ní àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ yìí kọ sí orúkọ tuntun.

Yẹra fún: Tẹ kọ́kọ́rọ́ fáìlì náà síbí.
Lò: Tẹ orúkọ ohun ìpamọ́ náà síbí.

Yẹra fún: Orúkọ bọ́kẹ́ẹ̀tì yìí wà ní Cape Town.
Lò: Bọ́kẹ́ẹ̀tì yìí wà ní ẹkùn Cape Town. (Orúkọ kì í wà níbì kan, ohun tí ó ń jẹ́ ẹ ni ó ń wà níbì kan.)

Yẹra fún: Dá orúkọ fáìlì náà mọ̀.
Lò: Fi àmì ìdámọ̀ rẹ̀ dá fáìlì náà mọ̀.

Nígbà tí iyèméjì bá wà, kí atúmọ̀ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé ohun tí wọ́n ń pè é ni? Ṣé ọ̀nà tí a ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni? Àbí ohun tí ó yà á kúrò lára gbogbo ìyókù ni? Ìdáhùn ni yóò sọ bóyá orúkọ, àdírẹ́sì tàbí àmì ìdámọ̀ ni ó yẹ kí ó kọ.